Gìtá Jáàsì Onínú-ṣófo: Ohùn Wọn àti Bí Wọ́n Ṣe Rí Lọ́wọ́

Gìtá onínú-ṣófo ni gìtá tí àpótí ara rẹ̀ ṣófo, tí àyà rẹ̀ sì wú díẹ̀ ní àárín bí ọmọrí igbá. Ó yàtọ̀ sí gìtá aláyà-pẹlẹbẹ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀, ó sì yàtọ̀ sí gìtá oníná tí ara rẹ̀ jẹ́ odindi igi tí kò ní ihò nínú. Láti àwọn ọdún 1920 ni ó ti jẹ́ ohun èlò pàtàkì nínú orin jáàsì ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe èyí tí ó lókìkí jù nínú wọn.

Bí a bá fẹ́ fi àwọn gìtá wọ̀nyí wéra, kókó kan ni a gbọ́dọ̀ dì mú. Bí àyà gìtá bá ṣe ní òmìnira tó láti gbọ̀n ni ohùn rẹ̀ ṣe ń kún tó. Ṣùgbọ́n bí òmìnira náà bá ṣe pọ̀ tó ni gìtá náà ṣe ń yára han gooro tó nígbà tí a bá so ó mọ́ amplifáyà. Gìtá kọ̀ọ̀kan tí a ó mẹ́nu bà níhìn-ín jẹ́ ọ̀nà kan tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ gbà láti yanjú ìṣòro yìí.

Bí gìtá náà ṣe ń dún

Okùn gìtá tín-ín-rín, kò sì lè ti afẹ́fẹ́ tó láti dá dún kí èrò gbọ́. Ẹni tí ó bá mọ agídìgbo yóò tètè lóye èyí: irin tí a ń ta kò fi bẹ́ẹ̀ ní ohùn fúnra rẹ̀, àpótí onígi tí a kàn án mọ́ ni ó ń gbé ohùn rẹ̀ jáde. Bákan náà ni ti gìtá. Okùn á gbọ̀n, yóò mi igi kékeré tí ó gùn kọjá, èyí tí a ń pè ní bríìjì, bríìjì yóò mi àyà, àyà yóò sì mi afẹ́fẹ́ inú àpótí àti ti ìta.

Nínú gìtá aláyà-pẹlẹbẹ, wọ́n lẹ bríìjì mọ́ àyà, ara rẹ̀ ni wọ́n sì so okùn mọ́. Nínú gìtá aláyà-wíwú, bríìjì kò ní àtè lábẹ́, okùn ni ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Okùn yóò gùn ún kọjá, yóò sì lọ so mọ́ irin kan tí a kàn mọ́ ìdí gìtá. Ọ̀nà yìí ni wọ́n ń gbà ṣe fáyólíìnì, láti ibẹ̀ ni wọ́n sì ti mú ihò méjì tó rí bí lẹ́tà f, tí ó wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì àyà. Ohun tí èyí ń fà ni pé ohùn gìtá náà máa ń jáde kíá bí a bá ti ta okùn, kì í sì í pẹ́ kí ó tó kú. Ìwà yìí bá jáàsì mu, nítorí pé kọ́ọ̀dù tí ó bá ń pẹ́ jù nílẹ̀ yóò da ìlù rú, yóò sì bo àwọn ohun èlò mìíràn mọ́lẹ̀.

Igi gbígbẹ́ àti pákó lílẹ̀

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ṣe àyà tó wú. Ọ̀nà kìíní ni pé kí oníṣẹ́ mú pákó spruce tó nípọn, kí ó gbẹ́ ẹ láti òde, kí ó sì tún gbẹ́ ẹ láti inú, títí yóò fi fẹ́lẹ́ dé ìwọ̀n tí ó fẹ́. Bí ó ti ń gbẹ́ ẹ ni yóò máa fi ìka kàn án, tí yóò sì máa fetí sí i, nítorí pé kò sí pákó méjì tó rí bákan náà. Igi maple ni wọ́n sábà máa ń lò fún ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́. Iṣẹ́ yìí ń gba àkókò, ó ń fi igi ṣòfò, ó sì ń wọ́n.

Ọ̀nà kejì ni pé kí a lẹ àwọn pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pọ̀, ọ̀kan lórí èkejì, kí a sì fi ẹ̀rọ tẹ̀ wọ́n kí wọ́n lè wú bí a ṣe fẹ́. Pákó lílẹ̀ le ju odindi igi lọ, kì í sì í yára gbọ̀n. Nítorí náà, bí a bá ta gìtá rẹ̀ láìlo amplifáyà, ohùn rẹ̀ kì í lọ jìnnà tó ti èyí tí a gbẹ́. Ṣùgbọ́n ó lágbára, kì í tètè là, owó rẹ̀ kéré, ó sì ń fara da amplifáyà dáadáa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé olówó pọ́ọ́kú lásán ni pákó lílẹ̀. Ìtàn jáàsì, bí a ó ti rí i, kò gbà bẹ́ẹ̀.

Ìtàn ní ṣókí

Orville Gibson, oníṣẹ́ ọwọ́ kan ní ìlú Kalamazoo ní ìpínlẹ̀ Michigan, ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ àyà màǹdólíìnì àti gìtá bí ti fáyólíìnì ní àwọn ọdún 1890. Ní 1902 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ní 1922, nígbà tí Lloyd Loar ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ilé-iṣẹ́ náà gbé gìtá L-5 jáde, tí ó ní ihò f méjì lára. Ní àkókò náà, báńjò ni ó gbajúmọ̀ nínú ẹgbẹ́ olórin, nítorí pé ohùn rẹ̀ ń la ariwo ìlù àti fèrè já. L-5 wà lára ohun tí ó jẹ́ kí gìtá gba ipò náà lọ́wọ́ báńjò. Eddie Lang, tí ó kú ní 1933, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi hàn pé gìtá lè dá sọ̀rọ̀ nínú jáàsì.

Bí ẹgbẹ́ olórin ti ń tóbi sí i ni gìtá náà ń fẹ̀ sí i. L-5 tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 16 ní ìbẹ̀rẹ̀ di íǹṣì 17 ní àárín àwọn ọdún 1930, Super 400 tí ó jáde ní 1934 sì jẹ́ íǹṣì 18, ìyẹn bíi sẹ̀ǹtímítà 46. Freddie Green, tí ó wọ ẹgbẹ́ Count Basie ní 1937 tí ó sì wà níbẹ̀ títí ó fi kú ní 1987, kò lo amplifáyà. Kọ́ọ̀dù mẹ́rin ni ó ń ta nínú ìdá kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan fún ìlù kan. Òǹgbọ́ lè má mọ̀ pé òun ń gbọ́ gìtá, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá yọ ọ́ kúrò, orin náà yóò tú.

Irú gìtá bẹ́ẹ̀ dára fún ìlù, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò lè dojú kọ ti fèrè bí ó bá fẹ́ dá kọrin. Ní 1936 ni Gibson gbé ES-150 jáde, gìtá aláyà-wíwú tí ó ní pickup, ìyẹn ẹ̀rọ onímágínẹ́ẹ̀tì tí ń sọ gbígbọ̀n okùn di iná mànàmáná. Charlie Christian, tí ó wọ ẹgbẹ́ Benny Goodman ní 1939, fi irú gìtá yìí kọrin ní okùn kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń fun sasofóònù. Ọmọ ọdún 25 péré ni nígbà tí ó kú ní 1942, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó là sílẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn onígìtá jáàsì tó tẹ̀ lé e gbà.

Gìtá mẹ́rin tí a lè fi wéra

*Èyí tí a gbẹ́, tí pickup rẹ̀ kò kan àyà.* Àpẹẹrẹ tó lókìkí jù ni iṣẹ́ John D'Angelico, tí ó ṣí ìsọ̀ rẹ̀ sí New York ní 1932 tí ó sì ń ṣe gìtá níbẹ̀ títí ó fi kú ní 1964. Gìtá tó ṣe lé ní 1,100, ọwọ́ ni ó sì fi ń gbẹ́ wọn. James D'Aquisto tí ó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó gba iṣẹ́ náà lẹ́yìn rẹ̀. Bí a bá fẹ́ so irú gìtá bẹ́ẹ̀ mọ́ amplifáyà, a ó fi pickup tín-ín-rín kan kọ́ sí ìdí ọrùn tàbí sára pákó tí ń dáàbò bo àyà, kí ó má baà fọwọ́ kan àyà fúnra rẹ̀. Nítorí náà, àyà ń gbọ̀n bí ẹni pé kò sí iná lára rẹ̀. Ohùn rẹ̀ mọ́ gaara, okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì ń dá dúró nínú kọ́ọ̀dù, tí ọ̀kan kò bo èkejì. Òun náà ni ó tètè ń han jù lọ.

*L-5CES.* Ní 1951 ni Gibson mú L-5 tí a gbẹ́, wọ́n gé ihò sí àyà rẹ̀, wọ́n sì fi pickup méjì sínú ihò náà. Ìwúwo pickup àti ihò tí a gé ń dín gbígbọ̀n àyà kù. Nítorí náà, láìsí iná, L-5CES kì í dún sókè tó L-5 àtijọ́. Ṣùgbọ́n nínú amplifáyà, ohùn rẹ̀ kún, ó rọ̀, ó sì ní ìsàlẹ̀ tó jinlẹ̀. Wes Montgomery ti ìlú Indianapolis ni ó sọ ohùn yìí di mímọ̀ ní àwọn ọdún 1960. Kò lo píìkì, àtàǹpàkò ni ó fi ń ta okùn, ó sì fẹ́ràn láti máa ta ohùn kan náà lórí okùn méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ẹran ara àtàǹpàkò kì í mú bíi píìkì, nítorí náà ìbẹ̀rẹ̀ ohùn kọ̀ọ̀kan rọ̀. Ẹni tí ó bá fi píìkì líle ta gìtá kan náà kò ní gbọ́ ohùn Wes.

*ES-175.* Ní 1949 ni èyí jáde. Pákó maple lílẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é, íǹṣì 16¼ ni fífẹ̀ rẹ̀, ìyẹn bíi sẹ̀ǹtímítà 41, wọ́n sì gé èjìká rẹ̀ kan ní ṣóńṣó kí ọwọ́ lè dé òkè ọrùn. Pickup kan ṣoṣo ni ó ní ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní 1953 ni alápickup méjì dé, ní 1957 sì ni wọ́n fi pickup tí Seth Lover ṣe sí i, èyí tí ń mú ariwo iná kúrò. Ohùn ES-175 ki. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dún bí ìgbà tí a fi ìka kan igi, lẹ́yìn náà ni ó ń yára rẹlẹ̀. Kò tàn kálẹ̀ bíi ti L-5CES, ṣùgbọ́n ó dúró gírígírí nínú àkójọpọ̀ ohun èlò, kì í sì í bá báàsì jà. Herb Ellis, Joe Pass àti Pat Metheny ní ìgbà èwe rẹ̀ wà lára àwọn tí a mọ̀ mọ́ ọn. Òun náà ni Jim Hall lò nígbà tí ó bá Sonny Rollins ṣe àwo orin The Bridge ní 1962. Kò sí dùùrù nínú ẹgbẹ́ náà, nítorí náà gìtá nìkan ni ó ń gbé kọ́ọ̀dù.

*ES-335.* Ní 1958, Gibson gbìyànjú láti so méjèèjì pọ̀. Wọ́n jẹ́ kí ara gìtá fẹ́lẹ́, bí íǹṣì 1¾ péré, ìyẹn bíi sẹ̀ǹtímítà 4½, wọ́n sì fi odindi igi kan la inú rẹ̀ já láti ọrùn dé ìdí. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì nìkan ni ó ṣófo. Igi àárín yẹn ni ó gbé pickup àti bríìjì, nítorí náà àyà kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ̀n. Ohùn ES-335 máa ń pẹ́ nílẹ̀, ó sì lè wọ orin blues, jáàsì àti rọ́ọ̀kì láìyí padà púpọ̀. Ohun tí ó sọnù ni ìró igi, ìyẹn èémí tí ń jáde láti inú àpótí ṣáájú kí okùn tó sọ̀rọ̀ tán. Fún òǹgbọ́ tí ìró yẹn ṣe pàtàkì sí, ES-335 kò lè gba ipò ES-175. Fún olórin tí ó ń bá ìlù ńlá àti fèrè púpọ̀ ṣeré lálaalẹ́, ó lè jẹ́ òun nìkan ni ó ṣeé lò.

Bí ó ṣe rí lọ́wọ́

Ìyàtọ̀ tí ọwọ́ ń mọ̀ kò kéré sí èyí tí etí ń gbọ́. Àkọ́kọ́ ni gígùn okùn láti òkè ọrùn dé bríìjì. Ní L-5CES, íǹṣì 25½ ni. Ní ES-175 àti ES-335, íǹṣì 24¾ ni. Ìyàtọ̀ náà kò tó sẹ̀ǹtímítà méjì, ṣùgbọ́n bí a bá fi okùn kan náà sí méjèèjì, tí a sì tò wọ́n sí ohùn kan náà, ti L-5CES yóò le sí i lábẹ́ ìka. Okùn tó le ń fún ohùn ní ìmọ́lẹ̀ àti okun. Okùn tó rọ̀ ń jẹ́ kí ìka nà dé kọ́ọ̀dù tó gbòòrò láìrẹ̀.

Èkejì ni jíjìn ara gìtá. L-5CES àti ES-175 jìn tó íǹṣì 3⅜, ìyẹn bíi sẹ̀ǹtímítà 8½. Bí olórin bá jókòó gbé e lé itan, apá ọ̀tún rẹ̀ yóò ní láti gun gìtá náà kọjá, bí ara rẹ̀ bá sì kéré, èjìká rẹ̀ yóò máa ro ó kí eré tó parí. Ó tún ń gbọ́ gbígbọ̀n igi náà ní àyà ara rẹ̀, ọ̀pọ̀ olórin sì sọ pé èyí ni kò jẹ́ kí àwọn lè fi gìtá náà sílẹ̀. ES-335 fúyẹ́ láti gbá mọ́ra, ọrùn rẹ̀ sì bọ́ sí gbangba títí dé fírẹ́ẹ̀tì 19. Ní ti ES-175, fírẹ́ẹ̀tì 14 ni ọrùn ti wọ ara gìtá, ọwọ́ sì ní láti fi ara da èjìká gìtá bí ó bá fẹ́ lọ sókè.

Ẹ̀kẹta ni gíga okùn lókè ọrùn. Freddie Green gbé okùn tirẹ̀ sókè gan-an, kí ó lè fi agbára tà á kí ó sì dún jìnnà. Ẹni tí amplifáyà ń bá gbé ẹrù kò nílò irú wàhálà bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ kí okùn rẹlẹ̀ kí ìka lè sáré.

Okùn, pickup àti ọwọ́ tí ń tà á

Kì í ṣe igi nìkan ni ohùn. Ọ̀pọ̀ onígìtá jáàsì ń lo okùn tó nípọn, tí irin tí wọ́n wé mọ́ ọn tẹ́ pẹrẹsẹ dípò kí ó rí kọ́ńdukọ̀ńdu. Okùn bẹ́ẹ̀ kì í han lábẹ́ ìka nígbà tí ọwọ́ bá ń yọ̀ lórí rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ṣókùnkùn díẹ̀. Bí a bá fi okùn tín-ín-rín tó mú sí ES-175, yóò dà bíi gìtá mìíràn.

Pickup tó wà nítòsí ọrùn ni wọ́n sábà ń lò, nítorí pé okùn ń gbọ̀n gbòòrò níbẹ̀, ohùn sì kún. Èyí tó wà nítòsí bríìjì máa ń mú etí. Lẹ́yìn èyí, bọ́tìnì ohùn wà lára gìtá tí a lè yí wálẹ̀ láti pa ohùn òkè kù. Bí a bá yí i wálẹ̀ jù, gbogbo gìtá á dún bákan náà, àǹfààní igi gbígbẹ́ tí a fi owó ńlá rà á sì ti sọnù.

Ìhan

Nígbà tí ohùn bá jáde láti inú amplifáyà, yóò kọlu àyà gìtá, àyà yóò gbọ̀n, okùn yóò gbọ̀n pẹ̀lú rẹ̀, pickup yóò tún gbé e lọ sínú amplifáyà. Bí èyí bá ń yí po láìdúró, gìtá yóò bẹ̀rẹ̀ sí í hu tàbí kí ó máa han fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ta á. Ohùn ìsàlẹ̀ tí ó bá àpótí gìtá mu ni ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀.

Àtúnṣe wà, ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ohun tí ń náni. A lè dín ohùn ìsàlẹ̀ kù lórí amplifáyà, ohùn gìtá á sì fẹ́lẹ́. A lè fi aṣọ tàbí fóòmù dí ihò f méjèèjì, èémí àpótí á sì dínkù. A lè kúrò níwájú amplifáyà, bí orí ìtàgé bá gbà wá láàyè. Ilé-iṣẹ́ Ibanez ti ilẹ̀ Japan gba ọ̀nà mìíràn ní 1977 nígbà tí ó bá George Benson ṣe GB10: gìtá onínú-ṣófo gidi ni, ṣùgbọ́n wọ́n sọ ara rẹ̀ di kékeré kí àyà má baà ní ààyè tó láti hu.

Èwo ni ó dára jù?

Ìbéèrè yìí kò ní ìdáhùn kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ó ní ọ̀nà tí a lè gbà wò ó. Ẹni tí ó ń ṣeré nínú yàrá kékeré, tí ó ń dá ta tàbí tí báàsì kan ṣoṣo ń bá a lọ, ni gìtá tí a gbẹ́ yóò wúlò fún jù, nítorí pé etí àwọn òǹgbọ́ wà nítòsí igi náà. Ẹni tí ìlù àti fèrè yí ká yóò rí i pé odindi igi tí ó fi owó gọbọi rà ń di ìnira sí i lọ́wọ́, nígbà tí pákó lílẹ̀ tí àwọn mìíràn ń fojú rénà ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ láìsí ariwo. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń fi owó díẹ̀díẹ̀ pamọ́ láti ra gìtá kò gbọdọ̀ rò pé òun kò tíì dé ibi jáàsì títí òun yóò fi ní èyí tí a gbẹ́. Jim Hall àti Joe Pass kò dúró dè é.

Ọ̀nà tó dára jù láti kọ́ ìyàtọ̀ náà ni kí a gbọ́ ọ. Kí a gbọ́ ẹgbẹ́ Count Basie, kí a sì wá Freddie Green lábẹ́ ìlù. Kí a gbọ́ Charlie Christian pẹ̀lú Goodman, lẹ́yìn náà Wes Montgomery nínú àwo rẹ̀ ti 1960, The Incredible Jazz Guitar of Wes Montgomery, lẹ́yìn náà Jim Hall nínú The Bridge. Ẹni tí ó bá tẹ́tí sí wọn ní ìtẹ̀léra yóò gbọ́ bí àyà igi, pickup àti ọwọ́ olórin ṣe ń pín ohùn láàárín ara wọn, yóò sì mọ èyí tí ó fẹ́ kí ó ṣáájú nínú ohùn tirẹ̀.